Bí gúrúùpù ṣe lè tú olú ẹ̀dá-ìtàn wò fínnífínní, tí ọmọ kankan ò ní fọwọ́ lẹ́rán

Tísà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní lítíréṣọ̀ ló kọ̀wé sí mi. Ó ní ọmọ 40 ló wà nínú kíláàsì òun, ìwé ìtàn àròsọ kan ni wọ́n ń kà, wọ́n ti kà á kọjá ìdajì, òun wá pín wọn sí gúrúùpù mẹ́jọ pé kí wọ́n lọ jíròrò lórí ìwà olú ẹ̀dá-ìtàn, ìyẹn ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí jù. Ọmọ méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú gúrúùpù kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́ta tó kù ń rojọ́ tiwọn, nígbà tí wọ́n sì wá jáde síwájú, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo gúrúùpù ń tún sọ: "onígboyà ni, olóòótọ́ ni, ó nífẹ̀ẹ́ àwọn ẹbí ẹ̀." Ó ní irú iṣẹ́ wo lòun lè fún wọn tí wọ́n á fi wo ẹ̀dá-ìtàn yẹn dáadáa, àti pé báwo lòun ṣe máa fún wọn ní máàkì tí kò fi ní sí ìrẹ́jẹ.

Ẹ ṣeun gan-an tísà wa. Ọ̀rọ̀ yín yé mi, mo sì fẹ́ ká kọ́kọ́ gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ. "Ẹ lọ jíròrò lórí ìwà olú ẹ̀dá-ìtàn", iṣẹ́ tẹ́ ẹ fún wọn nìyẹn, ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ọ̀rẹ́ ẹ̀ lè dáhùn ẹ̀ láìṣí ìwé wò, ẹnì kan ṣoṣo sì lè dáhùn ẹ̀ kó sì parí láàárín ìṣẹ́jú méjì, kí wá ni kí àwọn mẹ́rin tó kù máa ṣe? Ẹjọ́ tiwọn náà ni wọ́n máa rò. Iṣẹ́ gúrúùpù lórí ẹ̀dá-ìtàn gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ pé kò ní ṣeé ṣe láìṣí ìwé, kò sì ní ṣeé parí tí ẹnì kan ò bá mú tiẹ̀ wá. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Pé èèyàn máa ń dẹwọ́ tó bá ti wà láàárín èrò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ iléèwé nìkan o. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Maximilien Ringelmann gbé iṣẹ́ kan jáde lọ́dún 1913, àwọn èèyàn ló ní kí wọ́n máa fa okùn, ó rí i pé bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú wá ń dín kù, tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ti pé mẹ́jọ, bí ìdajì agbára kálukú ló ń jáde. Lára ohun tó fà á ni pé wọn kì í fà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n Bibb Latané àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà tún gbé e yẹ̀ wò lọ́dún 1979, àtẹ́wọ́ àti ariwo ni wọ́n fi ṣe tiwọn, wọ́n rí i pé ìdẹwọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìwádìí tó tẹ̀lé e wá fi hàn pé táwọn èèyàn bá mọ̀ pé ohun tí kálukú ṣe máa hàn, wọn kì í dẹwọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé gúrúùpù ẹlẹ́ni mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó, ẹ má jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, kí nǹkan kan sì wà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan.

Mi ò mọ ìwé tẹ́ ẹ̀ ń kà, torí náà ẹ jẹ́ n dá ìtàn kan sílẹ̀ ká lè máa rí ohun tá à ń sọ, kò sí ìwé bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Múyìwá ni olú ẹ̀dá-ìtàn, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan. Ní orí 4, ó rí i pé ọ̀gá òun ń jí owó. Ọ̀gá yìí kan náà ló ń san owó iléèwé àbúrò ẹ̀. Ní orí 7, àwọn ọ́dítọ̀ dé, wọ́n bi í léèrè, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ní orí 11, wọ́n fẹ́ lé òṣìṣẹ́ mìíràn nítorí owó náà, ìgbà yẹn ló tó dìde sọ òótọ́. Tẹ́ ẹ bá ní kí àwọn ọmọ sọ ìwà Múyìwá fún yín, wọ́n á ní olóòótọ́ ni, torí orí 11 ló dùn mọ́ wọn, òun ni wọ́n rántí. Orí 7 ńkọ́? Gbogbo ìgbà tó fi dákẹ́ láti orí 4 ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀dá-ìtàn náà wà.

Kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n fa àga sún mọ́ra, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá kọ nǹkan sílẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí wíwo tẹlòmíì. Ìbéèrè kan péré: ibo nínú ohun tá a ti kà ni ẹ̀dá-ìtàn yìí ti ṣe ohun tó yà ẹ́ lẹ́nu, kí lo sì rò pé ó fà á? Kí wọ́n kọ ojú-ìwé ibẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà kí wọ́n yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n ka tiwọn fúnra wọn, ìgbà yẹn ni gúrúùpù tó máa bẹ̀rẹ̀. Frank Lyman, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan, ló gbé ọ̀nà yìí jáde lọ́dún 1981, àwọn tísà kárí ayé sì gbà á torí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn ju sùúrù lọ. Ọmọ tó ń tijú, tó ti kọ nǹkan sílẹ̀, tó ti kà á sétí ẹnì kan, ẹ̀rù ò ní bà á bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láti sọ ọ́ níwájú ẹni mẹ́rin. Àwọn tí ẹnu wọn yá jù náà ò ní lè gba gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe, torí kálukú ti ní tiẹ̀ lọ́wọ́ kó tó dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fún wọn lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí wọ́n ń pè ní jigsaw. Elliot Aronson, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣèwádìí lórí ìrònú àti ìwà èèyàn, àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní ìlú Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1971, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da àwọn ọmọ funfun, àwọn ọmọ dúdú àtàwọn ọmọ Latino (àwọn tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò àtàwọn ilẹ̀ bíi tiẹ̀) pọ̀ sínú kíláàsì kan náà, tí wọ́n ń bá ara wọn jà, tí kálukú sì ń wá bó ṣe máa gba ipò lọ́wọ́ ẹnì kejì. Wọ́n gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, kò sẹ́ni tó lè mọ gbogbo ẹ̀ àfi tó bá tẹ́tí sí àwọn tó kù. Ẹ wo bó ṣe bá ọ̀rọ̀ ẹ̀dá-ìtàn mu. Òǹkọ̀wé kì í ṣàdédé sọ fún wa pé báyìí ni ìwà ẹnì kan ṣe rí, ó máa ń fi ohun tí ẹni náà sọ hàn wá, ohun tó ṣe, ohun tó ń rò lọ́kàn, ohun tí àwọn ẹlòmíì ń sọ nípa ẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ṣe sí i, àti ìrísí ẹ̀ pẹ̀lú àwọn nǹkan tó yí i ká. Ọ̀nà márùn-ún nìyẹn, gúrúùpù yín sì jẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, ó ti bára mu.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Nínú gúrúùpù kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan mú "ohun tó sọ", èkejì mú "ohun tó ṣe", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo àwọn tó mú nǹkan kan náà á wá kúrò lọ́dọ̀ gúrúùpù wọn, wọ́n á lọ pàdé ara wọn níbì kan láti jọ wá a nínú ìwé. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ibí yìí o, torí gúrúùpù mẹ́jọ lẹ ní, àwọn tó mú nǹkan kan náà máa jẹ́ mẹ́jọ, mẹ́jọ ti pọ̀ jù, àwọn méjì tàbí mẹ́ta á tún sá sẹ́yìn, torí náà ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì, mẹ́rin níbí, mẹ́rin lọ́hùn-ún. Ẹ má sọ pé kí wọ́n wo gbogbo ìwé. Orí méjì péré, kó jẹ́ orí méjì tí ẹ̀dá-ìtàn náà ti wà nínú wàhálà. Kí wọ́n wá ibi mẹ́ta, kí wọ́n da ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kọ bó ṣe wà gan-an pẹ̀lú ojú-ìwé, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń sọ nípa ìwà ẹ̀. Ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà kálukú á padà sọ́dọ̀ gúrúùpù ẹ̀, á fi ìṣẹ́jú méjì méjì ṣàlàyé ohun tó kó bọ̀.

Tẹ́ ẹ bá dúró níbẹ̀ kò tíì pé. Kálukú á kàn ka tiẹ̀, ó parí, kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìbéèrè kan tó máa fipá mú wọn da gbogbo ẹ̀ pọ̀, èyí tí mo máa ń lò ni: níbo ni méjì nínú nǹkan márùn-ún yìí ti tako ara wọn, kí ni ìyẹn ń sọ fún wa? Ẹ wo orí 7 Múyìwá. Ọmọ tó mú "ohun tó sọ" á mú un wá pé ó ní "Mi ò rí nǹkan kan". Ọmọ tó mú "ohun tó ṣe" á ní bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń ká etí ìwé tó wà níwájú ẹ̀, tó ń tú u, tó tún ń ká a. Ọmọ tó mú "ohun tó ń rò" á ní nínú ọkàn ẹ̀, owó iléèwé tó kù ló ń kà. Ẹni tó mú "ohun tí àwọn ẹlòmíì ń sọ" lè rò pé tòun ò já mọ́ nǹkan kan, torí ohun tó rí ni pé ọ̀gá fọwọ́ lù ú léjìká, ó ní "ọmọ tó gbọ́n ni ẹ́". Àmọ́ ẹ jẹ́ kí gúrúùpù jókòó ti gbólóhùn yẹn. Ta ló ń yìn ín? Olè ni. Kí ló ń yìn ín fún? Ó ń yìn ín pé ó parọ́. Kí ni Múyìwá dáhùn? Ìwé ò sọ pé ó dáhùn. Ọmọ kan á sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ pé "áà, ìyẹn ni pé ó ti di ara wọn nìyẹn", èmi ò mọ ohun tó dùn létí tísà ju irú gbólóhùn yẹn lọ, torí kò sẹ́ni tó lè dá a rí, ẹ̀rí ẹni mẹ́rin ló bí i.

Òfin kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ sórí bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ má sì pa á rẹ́ títí ìwé náà á fi parí: kò sí ojú-ìwé, kò sí ọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá ní onígboyà ni, ẹ béèrè ojú-ìwé. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ìwé sọ àti ohun tí àwọn rò, ẹ ní kí wọ́n máa kọ ọ́ báyìí, "Ìwé sọ pé... mo rò pé... nítorí pé...". "Nítorí pé" yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fò, wọ́n á da ọ̀rọ̀ ìwé kọ, wọ́n á kọ "olóòótọ́ ni" sísàlẹ̀, wọn ò ní sọ ohun tó so méjèèjì pọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀dá-ìtàn náà fúnra ẹ̀ ló ń sọ ìtàn, tó jẹ́ "mo ṣe báyìí, mo ṣe báyẹn", ẹ kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má gba gbogbo ohun tó sọ nípa ara ẹ̀ gbọ́, èèyàn kì í sábà fẹnu ara ẹ̀ ba ara ẹ̀ jẹ́.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní iṣẹ́ kan ṣoṣo làyè wà fún, ìlà ìyípadà ni màá ní kẹ́ ẹ mú. Ẹ fún gúrúùpù kọ̀ọ̀kan ní pépà fífẹ̀ kan. Wọ́n á fa ìlà kan látòsì lọ sápá ọ̀tún, wọ́n á kọ nọ́ńbà àwọn orí ìwé sí i láti 1 títí dé ibi tẹ́ ẹ kà á dé. Wọ́n á fa èkejì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, 0 sí 10. Wọ́n á wá yan ohun kan tí wọ́n fẹ́ wọ̀n lára ẹ̀dá-ìtàn náà, ó lè jẹ́ ìgboyà, ó lè jẹ́ bó ṣe fọkàn tán ẹnì kan, ó lè jẹ́ bó ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ara ẹ̀, àmọ́ ohun kan ṣoṣo o, tí wọ́n bá mú méjì gbogbo ẹ̀ á dàrú. Ní orí kọ̀ọ̀kan wọ́n á fi àmì síbi tí wọ́n rò pé ó wà, wọ́n á kọ ojú-ìwé àti gbólóhùn tó mú wọn fi síbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, wọ́n á wá fi ìlà so àwọn àmì náà pọ̀. Ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 25.

Ibi tó ti máa ń dùn ni tẹ́ ẹ bá lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri pọ̀. Ká sọ pé gúrúùpù méjì ló wọn ìgboyà Múyìwá. Ní orí 7, àwọn kan fi í sí 1, wọ́n ní ó parọ́, ẹ̀rù ló bà á, ó parí. Àwọn kejì fi í sí 6, wọ́n ní ó mọ̀ pé tóun bá lanu pẹ́nrẹ́n àbúrò òun á kúrò níléèwé, ó gba ìdọ̀tí náà sọ́rùn ara ẹ̀ kí ọmọ náà má baà jìyà. Iyàn á bẹ́ sílẹ̀. Tísà wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má dá ẹnikẹ́ni láre. Ẹ ní kí àwọn gúrúùpù méjèèjì dìde ka gbólóhùn tí wọ́n rí nínú ìwé, kí àwọn tó kù ṣí ojú-ìwé náà kí wọ́n fojú ara wọn rí i, ẹ wá bi kíláàsì pé èwo nínú ẹ̀rí méjèèjì ló lágbára jù, kí sì ni wọ́n máa nílò láti rí nínú ìwé kí wọ́n tó yí ọkàn wọn padà. Nígbà míì ọmọ kan á ní ẹ̀rù àti ìgboyà lè wà níbẹ̀ pa pọ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ tún pépà gúrúùpù ẹ̀ yà, kí ìlà náà di méjì, ọ̀kan fún ẹ̀rù, ọ̀kan fún ìgboyà. Kẹ́ ẹ tó tú wọn ká, ẹ ní kí gúrúùpù kọ̀ọ̀kan tọ́ka sí ibi tí ìlà wọn ti ga sókè tàbí já wálẹ̀ jù, kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín orí méjèèjì yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí i pé ìwà ẹ̀dá-ìtàn àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Gúrúùpù kan lè wá sọ fún yín pé ìlà àwọn tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ má rò pé wọn ò ṣiṣẹ́. E. M. Forster, òǹkọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ní Cambridge lọ́dún 1927, ó ní ẹ̀dá-ìtàn kan wà tó pẹlẹbẹ, òmíì wà tó rí roboto, ohun téèyàn sì máa fi dá wọn mọ̀ ni pé ṣé ó lè yà wá lẹ́nu lọ́nà tá a máa gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Tí kò bá yani lẹ́nu láé, pẹlẹbẹ ni. Tó bá yani lẹ́nu àmọ́ tí ọkàn ò gbà á, pẹlẹbẹ náà ni, ó kàn ń díbọ́n ni. Ẹ gbé ìbéèrè yẹn fún àwọn ọmọ nípa orí 11: ṣé a gbà pé Múyìwá orí 7 lè di Múyìwá orí 11, àbí òǹkọ̀wé ló kàn fẹ́ kí ìtàn dùn? Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ràn ìbéèrè tó bá fún wọn láyè láti bá òǹkọ̀wé fúnra ẹ̀ wíjọ́.

Iṣẹ́ kẹta ni àga ìbéèrè, ẹ ti lè máa lò ó, kí ọmọ kan jókòó síwájú bíi pé òun ni ẹ̀dá-ìtàn, kí àwọn tó kù máa bi í ní ọ̀rọ̀. Ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n ó tètè máa ń di eré ẹ̀rín, ọmọ tó mọ eré ṣe á máa dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí ara ẹ̀, kíláàsì á máa pàtẹ́wọ́, ìwé wà nínú báàgì. Ohun tó ń mú un dúró ni kẹ́ ẹ so ó mọ́ àsìkò kan nínú ìtàn. Ẹ má pe Múyìwá lásán, ẹ pe Múyìwá ní alẹ́ ọjọ́ tí àwọn ọ́dítọ̀ lọ. Kò tíì mọ orí 11. Ẹni tó bá wà lórí àga, tó bá dáhùn pẹ̀lú ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, kíláàsì á dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí gúrúùpù ẹ̀ jókòó sẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú ìwé ní ṣíṣí, kí wọ́n máa sọ ojú-ìwé sí i létí, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ ẹni tó wà lórí àga lẹ́yìn ìbéèrè méjì méjì kó má di pé ọmọ kan ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Àwọn gúrúùpù tó kù á ti kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ ṣáájú, ẹ yọ gbogbo èyí tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" lè dáhùn kúrò, ẹ yọ èyí tí ìwé ti dáhùn kedere kúrò pẹ̀lú. "Ṣé ẹ̀rù bà ẹ́?" ò lè gbé wa débì kankan. "Nígbà tí ọ̀gá fọwọ́ lù ẹ́ léjìká, kí nìdí tí o ò fi sọ nǹkan kan?" ni irú èyí tá à ń wá. Ẹ̀yin gan-an lè wọnú ẹ̀, kẹ́ ẹ di ọ́dítọ̀ tó ń bi í léèrè, Dorothy Heathcote tó kọ́ àwọn olùkọ́ ní Newcastle fún ọ̀pọ̀ ọdún ló sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ di ohun tó gbajúmọ̀, ó sì ń ràn yín lọ́wọ́ láti yí ọ̀rọ̀ padà sórí ìwé láìjẹ́ pé ẹ dá eré náà dúró.

Fún ọjọ́ tó bá ti rẹ̀ wọ́n, tí wọ́n ń tòògbé, ẹ tò wọ́n sí ọ̀wọ́ méjì kí wọ́n dojú kọra, kí ẹni tó jẹ́ ẹ̀dá-ìtàn máa rìn láàárín wọn díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀wọ́ kan máa sọ ìdí tó fi yẹ kó sọ òótọ́, kí ọ̀wọ́ kejì máa sọ ìdí tó fi yẹ kó dákẹ́, gbólóhùn kan lẹ́nu ẹnì kan. Tó bá dé òpin kó sọ èyí tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Ẹ tún lè ní kí gúrúùpù ya àwòrán ara èèyàn gbàǹgbà sórí pépà, kí wọ́n kọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn mọ̀ nípa ara ẹ̀ sínú, kí wọ́n kọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa ẹ̀ síta. Ẹ má sọ àwòrán náà nù, bẹ́ ẹ bá ṣe ń ka orí tuntun kí wọ́n máa fi kún un pẹ̀lú bírò àwọ̀ mìíràn.

Ní tiyín nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, ẹ máa rìn, àmọ́ ẹ má máa kọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ gúrúùpù kan, ìbéèrè kan, "ojú-ìwé wo?" tàbí "ta ni ò gbà?", kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Mary Budd Rowe ṣèwádìí lórí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1970, ó rí i pé tí tísà bá béèrè nǹkan tán, bí ìṣẹ́jú-àáyá kan ló máa ń dúró kó tó tún sọ̀rọ̀, tí tísà bá sì lè fà á dé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ máa ń gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ náà á máa dá sí i. Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀dá-ìtàn, mẹ́ta gan-an kéré, torí ọmọ náà ní láti padà sínú ìwé. Àwọn tí ò ka ìwé wá ńkọ́? Wọ́n máa wà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ba ọjọ́ náà jẹ́, ẹ ti yan àyọkà ojú-ìwé kan tàbí méjì sílẹ̀ kí gbogbo gúrúùpù kà á pọ̀ sókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á padà lọ ka ìyókù fúnra wọn torí wọ́n fẹ́ rí ọ̀rọ̀ jà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ máàkì. Mi ò fara mọ́ kí gbogbo gúrúùpù gba máàkì kan náà, tẹ́ ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti san owó fún ẹni tí ò ṣiṣẹ́, ọmọ tó ṣe gbogbo ẹ̀ á sì bínú, ọ̀nà tí ìrẹ́jẹ ń gbà wọlé nìyẹn. Robert Slavin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ẹ̀kọ́ ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ tẹnu mọ́ ọn pé gúrúùpù máa ń ṣàǹfààní nígbà tí àṣeyọrí gúrúùpù bá dúró lórí ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́. Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé iṣẹ́ orí pépà gúrúùpù ò ní ju máàkì 5 nínú 20, kó jẹ́ ojú-ìwé àti gbólóhùn tí wọ́n mú wá ni mò ń wò, kì í ṣe ẹwà àwòrán. Máàkì 5 fún ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ sílẹ̀ kó tó dara pọ̀ mọ́ gúrúùpù, ẹ gba pépà yẹn lọ́wọ́ wọn. Máàkì 10 tó kù, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dá jókòó ní ìparí, láìsí gúrúùpù, kó kọ ìpínrọ̀ méjì: kí lo rò nípa ẹ̀dá-ìtàn yìí báyìí, ta ni nínú gúrúùpù ẹ sì ló sọ ohun tó mú ẹ tún èrò ẹ ṣe, kí ni ẹni náà sọ? Ìbéèrè kejì yẹn ni kẹ́ ẹ fojú sí. Ọmọ tó rojọ́ tiẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí ò ní rí nǹkan kọ síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ka ti gbogbo wọn pọ̀, ẹ máa rí orúkọ àwọn ọmọ tẹ́ ò fọkàn sí tẹ́lẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń dárúkọ léraléra. Ẹ kọ àwọn orúkọ yẹn sílẹ̀, àwọn ni kẹ́ ẹ fi ṣe olórí gúrúùpù nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka orí tó kàn.